Kúùkù Monrovia

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Ìkòsí tí ó ń dé fìlà sójà lọ ra búrẹ́dì, ohun tí ẹ fura sí náà ni: kò jagun rí.

Sàká Oyèbámijí dé Làìbéríà lóòótọ́ o. Ẹ má fi ìyẹn dù ú. Nígbà tí Nàìjíríà kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, pé àwọn fẹ́ bá wọn paná ogun abẹ́lé wọn, Sàká wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó wọ kakí, ó sì ní nọ́ńbà bíi ti gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò ni wọ́n gbé e sí. Kúùkù ni. Ní èbúté Monrovia, ìrẹsì ni ó ń sè lónìí, ẹ̀wà ni ó ń sè lọ́la, ohun ìjà rẹ̀ kò sì ju ìgbakọ gígùn kan lọ. Ìró ìbọn tí ó gbọ́, òkèèrè ni ó ti gbọ́ ọ, gbogbo ìgbà tí ó bá sì ti gbọ́ ọ ni ó máa ń sáré fi ìdérí dé ìkòkò, kí eruku má baà bọ́ sọ́bẹ̀. Epo gbígbóná ta sí i lápá òsì lọ́jọ́ kan tí ó ń dín ẹja. Nígbà tí àpá yẹn yóò fi bá a dé Ìkòsí, ó ti di àpá ọta ìbọn.

Èyí tí ó dùn jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ti afárá. Ó ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ ká òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun mọ́ orí afárá kan, omi tán, oúnjẹ tán, ọ̀gá wọn sì ti ṣubú. Àwọn tó kù ń sunkún. Sàká ní kí wọ́n nu ojú wọn nù. Ó ní kí wọ́n dúró di agogo méjìlá ọ̀sán, nítorí pé kò sí ogun kan láyé tí kì í sinmi ní agogo méjìlá ọ̀sán: ẹni tí ó ń jẹun kì í yìnbọn. Agogo méjìlá lù, ìbọn dákẹ́, wọ́n sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú ọ̀tá.

Irọ́ kúùkù nìyẹn, ẹni tó bá mọ irọ́ á mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí ó jẹ́ pé ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi wà nínú iṣẹ́ ológun, agogo méjìlá ọ̀sán ni gbogbo ayé ń gbé àwo dání sáré tọ̀ ọ́ wá, kí ni ẹ fẹ́ kí ó gbà gbọ́ nípa agogo méjìlá?

Ṣọ́ọ̀bù Ṣọládé onígbàjámọ̀ ni ó ti ń sọ ìtàn rẹ̀. Wọn a ní, “Sójà Monrovia!” Sàká a rọra tún fìlà dé. Kì í ṣe pé wọ́n gbà á gbọ́ tán. Ẹni tí ó ń dúró kí ó kàn án láti gẹrun kò lè máa wo ògiri lásán. Ajarat, ìyàwó rẹ̀, mọ òtítọ́ ní tirẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lè se ọbẹ̀ ogún ènìyàn láìtọ́ ọ wò, bí kò bá fura, á jẹ́ pé kò ní ahọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó bò ó láṣìírí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó gba ìtàn afárá gbọ́ látòkè délẹ̀, ìyẹn Dayọ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Dayọ̀ ń ṣe alábàárù ní Mile 12, ó ń fi orí ru apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì láti inú ọkọ̀ tírélà dé ìsọ̀, nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Success gba ọ́fíìsì sí Kétu. Success ní ìlú olówó epo kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá ń wá géńdé tí yóò máa ṣọ́ ilé ìtajà onígíláàsì. Ó ní ìlú náà lówó débi pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ amúlétutù síbi tí èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Inú Ajarat dùn. Inú Nimat, ìyàwó Dayọ̀, dùn díẹ̀. Sàká nìkan ni ó fajú ro: ọmọ Sójà Monrovia, kí ó máa ṣí géètì? Ó pe ọmọ náà sápá kan lọ́jọ́ tí ó ń lọ. Ó ní bí wọ́n bá bi í pé kí ni ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó má ṣe dárúkọ apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì. Kí ó sọ pé ọmọ ológun ni òun, pé inú ogun ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà.

Ọmọ tí ó gbọ́ràn ni Dayọ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, fọ́tò gíláàsì ló ń wọlé. Nígbà tí ó yá, ó di fọ́tò iyanrìn. Lẹ́yìn náà, kò sí fọ́tò mọ́. Sudan ni wọ́n gbé e lọ. Ọ̀gágun méjì tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan tẹ́lẹ̀ ti dojú ìjà kọ ara wọn níbẹ̀, ilé àwọn ará ìlú ni wọ́n sì sọ di pápá. Ìlú olówó epo náà ti yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ó ń kó ìbọn fún un. Nígbà tí ó sì wò ó pé ọmọ tòun ṣọ̀wọ́n, ó ń fi ọmọ ọlọ́mọ kún un. Bí wọ́n bá sì pe ìpàdé àlàáfíà níbikíbi, iwájú ló máa ń jókòó sí, a sì máa sọ pé oògùn àti bísíkíìtì nìkan ni òun ń fi ránṣẹ́.

Sàká kò rí àléébù níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní bí Nàìjíríà náà ṣe ṣe sí Làìbéríà nìyẹn: bí ilé aládùúgbò bá ń jó, ẹni tí ó ní omi kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Ṣọládé ní àwọn mìíràn a máa gbé bẹntiróò dání, wọn a ní omi ni. Sàká ní blọ́ọ̀dì sìfílíà, ẹni tí kò wọ kakí rí, kò lè mọ̀. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn lábẹ́lẹ̀. Ilé Oyèbámijí ti di ilé ológun ní ìran méjì, bí a bá yọ ìran kìíní kúrò.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni ohùn Dayọ̀ wọlé sórí fóònù. Orí àga ni Sàká wà, Ṣọládé ti fá apá kan orí rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá gbé fóònù sétí. Sàká ṣí i síta kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́.

“Daddy, ẹ káàsán. Mi ò lè pẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n ti ká wa mọ́ ìlú yìí. Ọ̀gá tó kó wa wá ti bá bàlúù lọ láti Sunday, wọ́n ní ó ń bọ̀, a ò tíì rí i. Omi tó kù ò lè kọjá Jímọ̀. Mo ti sọ ti afárá yẹn fáwọn boys, gbogbo wọn ti gbà. Jímọ̀, agogo méjìlá ọ̀sán, a máa jáde bẹ́ ẹ ṣe jáde. Ohun kan ṣoṣo là ń jà lé lórí. Lọ́jọ́ yẹn, Daddy, ṣé ẹ sáré ni àbí ẹ rìn?”

Ṣọládé pa ẹ̀rọ ìgẹrun. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí tí wọ́n ti gbọ́ ìtàn afárá tó ìgbà tí wọ́n gbọ́ ìpè àdúrà, gbogbo wọn yíjú sí Sàká lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹnì kan wà lóòótọ́ tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Ṣọládé rọra ní, “Sójà, ọmọ ń bi yín léèrè ọ̀rọ̀.”

Sàká wo dígí. Ó ní ọ̀rọ̀ ológun kì í ṣe ohun tí à ń dáhùn lójú sìfílíà. Ó dìde, ó sì jáde sójú títì pẹ̀lú aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn, apá kan orí dán, apá kan wú.

Ó rọrùn láti sọ pé kí ó sọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ tú ilé tí ẹ ti ń gbé láti ọgbọ̀n ọdún wó láàárín ọ̀sán kan. Ohun tí Sàká kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wá ibi tí òtítọ́ díẹ̀ lè gbà wọlé láìfọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé ogun ayé òde òní ti yàtọ̀, pé kò sí afárá níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n ní sùúrù, ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Dayọ̀ dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní ìrànlọ́wọ́ wo? Ó ní ṣé kì í ṣe Daddy ló sọ pé kò sí ogun kan láyé tí kì í sinmi lágogo méjìlá ni? Ó ní ìdérí ìgò ni àwọn fi ń pín omi mu báyìí.

Sàká lọ wá ìrànlọ́wọ́ tí ó ti ṣèlérí. Ọ́fíìsì Success ní Kétu ti di ibi tí wọ́n ti ń ta irun wíìgì. Wọ́n ní Success ti kó lọ sí Magodo. Ní géètì ẹ̀sítéètì, ọlọ́dẹ ní kí ó dárúkọ ẹni tí ó fẹ́ rí. Sàká fa àyà yọ, ó ní ológun ni òun.

“Baba, èmi náà ti jẹ́ ológun rí,” ni ọlọ́dẹ náà wí. “Ta lẹ fẹ́ rí?”

Orí fóònù ọlọ́dẹ yìí ni Success ti bá a sọ̀rọ̀, kò jáde. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kí Daddy fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ security ni wọ́n kọ sínú àdéhùn, ìlú tí ó gba Dayọ̀ síṣẹ́ kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, kí Daddy gbọ́ news. Láti ibẹ̀, Sàká wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Obìnrin kan gbọ́ tirẹ̀ dé òpin, ó fún un lómi mu, ó wá ṣàlàyé pé orílẹ̀-èdè wa kò ní ẹnikẹ́ni nínú ogun Sudan, nítorí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀. Báyìí ni ó ṣe rí: àwọn tó gbé Dayọ̀ lọ ní kò sí níbẹ̀, àwọn tó ni ín ní kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń yìnbọn lù ú nìkan ni wọ́n gbà pé ó wà.

Nígbà tí ó padà dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Nimat ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, oyún ti ga níkùn rẹ̀ débi pé orí oyún ni ó gbé àtẹ lé. Ajarat ló tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wọ yàrá.

“Baba Dayọ̀, ẹ sọ fún un.”

“Kí n sọ kí ni?”

“Pé ìrẹsì lẹ sè.”

Sàká jókòó sétí ibùsùn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti fi ń gbé pọ̀, kò sì tíì sí ẹni tó sọ gbólóhùn yẹn sókè nínú ilé náà rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, pé kúùkù náà a máa gbébọn bí ó bá le. Nígbà tí ó ṣe, ohùn Sàká já.

“Ṣé kí ọmọ yẹn wá kú, kí ó sì tún mọ̀ pé...”

“Àbí kí ó kú, kí ó má mọ̀?” ni Ajarat dá a lóhùn.

Sàká gbé fóònù. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó sọ pé ọ̀gá àwọn kúùkù ni òun. Ajarat ní kí ó pa á rẹ́. Ní ìgbà kejì, ó ní kúùkù ni òun ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gágun kì í ṣe nǹkan kan láìbi òun léèrè. Ajarat fúnra rẹ̀ ló pa ìyẹn rẹ́. Ìgbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ojú fèrèsé ni ó kọ sí, ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ẹni tí ń tọrọ nǹkan.

“Dayọ̀, èmi baba rẹ ni. Kúùkù ni mí. Mi ò jagun rí. Mo gba orí afárá yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ àlùbọ́sà ni mo wà, oorun ni mò ń sùn. Epo ẹja ló jó mi lápá. Ọ̀rọ̀ agogo méjìlá yẹn, irọ́ ni. Ẹ má jáde lọ́sàn-án. Ojú ọ̀sán gan-an ni wọ́n ń rí ènìyàn. Ẹ má sáré, ẹ má rìn. Dárí jì mí.”

Ó fi í ránṣẹ́. Ó sunkún, Ajarat sì bá a sun ún. Ẹni tó bá rí i nígbà tó dìde lọ ṣàlùwàlá á rò pé ó ti san gbèsè rẹ̀ tán. Sàká gan-an rò bẹ́ẹ̀. Ó ti fi ìtìjú ra ọmọ rẹ̀ padà, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí i, pé kì í ṣe gbogbo akọni ló lè ṣe irú rẹ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Ṣọládé àti àwọn oníbàárà rẹ̀ méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ, nígbà tí èsì dé. Sàká kò ṣí i síta lọ́tẹ̀ yìí. Ajarat ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó ṣí i.

Ohùn Dayọ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

“Daddy, ẹ ẹ́ pẹ́ fún wa. Mo ti sọ fáwọn boys pé ẹnà lẹ máa fọ̀, pé ẹ ò lè sọ̀rọ̀ gbangba lórí fóònù. Kúùkù! Mo rẹ́rìn-ín títí, ètè mi bẹ́. Ẹ má jáde lọ́sàn-án. Ó ti yé wa. Ẹ bá mi kí Nimat.”

Sàká wo ojú Ajarat, Ajarat wo ojú Sàká. Ìgbà náà ni Sàká rántí. Òjò kan há wọn mọ́lé lọ́jọ́ kan tí Dayọ̀ ṣì ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sì ń da ìbéèrè bò ó. Sàká sọ fún un lọ́jọ́ náà pé bí ọ̀tá bá ń gbọ́ rédíò, ẹnà ni àwọn Yorùbá tó wà lójú ogun máa ń fọ̀: ohun gbogbo ni wọ́n ń sọ lódì. Bí ọ̀gá bá ní “ẹ dúró”, ẹ lọ ni. Bí ó bá ní “mo ṣubú”, ó wà lórí ìdúró. Bí ó bá sì pe ara rẹ̀ ní kúùkù, ẹ mọ̀ pé balógun ń sọ̀rọ̀. Irọ́ ọjọ́ òjò lásán ni, ẹni tó pa á ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí wọ́n pa á fún kò gbàgbé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òtítọ́ lé ti Sàká bá lóòótọ́. Irọ́ náà kàn wo ojú rẹ̀, ó ní, “Àbúrò mi, o káàbọ̀.”

Ajarat jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ṣọládé ní kí wọ́n tún fi ohùn mìíràn ránṣẹ́, kí Sójà búra pé kì í ṣe ẹnà. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní bí ó bá sọ pé kì í ṣe ẹnà, ẹnà náà nìyẹn. Ṣọládé ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Sàká ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Lójijì, ó dúró.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á rí i tí Sójà Monrovia ń gùn ún padà díẹ̀díẹ̀, láti ẹsẹ̀, dé èjìká, dé ọrùn. Ó ní bí ọmọ náà bá ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ òun lódì, ṣebí ká sọ ọ́ lódì fún un ni? Ká pàṣẹ pé kí ó jáde, kí ó lè jókòó?

Ajarat ní, “Tó bá wá gbọ́ eléyìí ní tààrà ńkọ́?”

Sàká ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ló kọ́ ọmọ náà ní ẹnà, òun ló mọ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ. Ajarat ní kí wọ́n rò ó wò dáadáa, pé ọmọ kan ṣoṣo ni. Sàká ní kò sí àkókò ìrònú nínú iṣẹ́ ológun. Ó wọlé lọ gbé fìlà. Kò sí ẹni tó lè rí fìlà nínú ohùn tí à ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ó dé e, ó sì wo ojú ara rẹ̀ nínú fèrèsé kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Dayọ̀! Sójà Monrovia ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. N kì í ṣe kúùkù. Mo jagun, mo ṣẹ́gun, gbogbo ohun tí mo sọ nípa afárá, òdodo ni. Mo pàṣẹ fún yín: ẹ jáde lágogo méjìlá ọ̀sán. Ẹ sáré!”

Ohùn náà dún dáadáa. Ó dún ju ti òtítọ́ àná lọ, kí a má parọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ayé Sàká, òun ni irọ́ àkọ́kọ́ tí ó pa nítorí ẹlòmíràn, kò sì sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí ó nira fún un láti sọ. Ṣọládé mi orí, ó ní, “Sójà, ọpọlọ yín ò kéré o.” Àwọn oníbàárà náà gbà bẹ́ẹ̀. Sàká na fóònù sókè kí ó lè gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Àmì kan ṣoṣo ló ṣì wà lára ohùn tí ó fi ránṣẹ́, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà. Ó fi ọwọ́ hàn wọ́n agogo tó wà lára ògiri: mọ́kànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ó ku bíi wákàtí kan, wákàtí kan sì pọ̀ lójú ogun, ìṣẹ́jú àáyá ni àwọn fi jàjà bọ́ ní Monrovia.

Ó ti fa àga, ó ti jókòó, ó ti ń sọ fún Ṣọládé bí ọgbọ́n náà ṣe wá sí òun lọ́kàn, nígbà tí Nimat, tí kò sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun láti àárọ̀, gbójú sókè níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

“Daddy,” ó ní, “wákàtí kan ni agogo tọ̀hún fi ṣáájú tiwa.”